Ẹ̀rọ LADI ní Grenoble: Bí wọ́n ṣe tún ojú rẹ̀ ṣe kí ó lè rí ohun tí X-ray kò rí

Bí ayàwòrán bá ya fọ́tò ìdílé kan níbi ìnáwó, tí wọ́n fọ fọ́tò náà jáde tán, tó wá jẹ́ pé ìdajì àwọn ọmọ ilé ni kò hàn nínú rẹ̀, kò sí baálé ilé tó máa sanwó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ pé àwọn tí kò hàn yẹn gan-an ló se oúnjẹ, tí wọ́n gbé àga, tí wọ́n sì fa àlejò lọ́wọ́ wọlé. Irú ìṣòro yìí ló ti ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wo inú ohun ẹlẹ́mìí fínra láti ọjọ́ pípẹ́. X-ray ni wọ́n sábà fi ń mọ bí púrótéènì ṣe rí, ìyẹn èròjà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nínú ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko. Àmọ́ agbára káká ni X-ray fi ń rí háídrójìn, bẹ́ẹ̀ bí a bá ka gbogbo átọ́ọ̀mù tó wà nínú púrótéènì kan, nǹkan bí ìdajì wọn ló jẹ́ háídrójìn.

Ohun tó gbé ọ̀pọ̀ onímọ̀ lọ sí ìlú Grenoble nìyí, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó ń jẹ́ Institut Laue-Langevin wà. Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé-iṣẹ́ náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LADI. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, níútírọ́ọ̀nù ló sì fi ń wò wọ́n, kì í ṣe X-ray. Ní oṣù kẹta ọdún 2007 ni èyí tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n pè ní LADI-III, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí wọ́n yí padà nínú rẹ̀ lè rò pé kò tó nǹkan, àmọ́ òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Gbogbo ohun tí a ń fọwọ́ kàn láyé, ìbáà ṣe òkúta, iṣu, màlúù tàbí ọmọ ènìyàn, átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Átọ́ọ̀mù kéré débi pé ojú kò lè rí i, síbẹ̀ òun náà ní inú àti ìta bíi ẹyìn ọ̀pẹ. Kókó kan wà láàárín rẹ̀ bí ekùrọ́ ṣe wà láàárín ẹyìn, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń rábàbà yí kókó náà ká. Nínú kókó yìí ni pírótọ́ọ̀nù wà, tó ní agbára iná lára, níútírọ́ọ̀nù náà sì wà níbẹ̀, èyí tí kò ní agbára iná kankan. Háídrójìn nìkan ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí pírótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà ní kókó tirẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló sì ń yí i ká. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Chadwick, ló ṣàwárí níútírọ́ọ̀nù ní ọdún 1932, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1935.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Bí X-ray bá wọ inú nǹkan, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló máa ń bá pàdé. Átọ́ọ̀mù tó bá ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù púpọ̀ á hàn kedere, èyí tó ní díẹ̀ á sì ṣú. Háídrójìn tó ní ẹyọ kan ṣoṣo wá dà bí ẹni tó dúró sínú òkùnkùn nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò. Níútírọ́ọ̀nù kò bìkítà fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní tirẹ̀. Nítorí pé kò ní agbára iná lára, ó máa ń kọjá láàárín wọn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, títí tó fi máa kan kókó gan-an. Lójú níútírọ́ọ̀nù, háídrójìn kì í ṣe mẹ̀kúnnù, àti òun àti kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ni wọ́n jọ ń hàn.

Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ yìí di iṣẹ́, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Ernest Wollan àti Clifford Shull ni wọ́n jọ ṣe é níbẹ̀. Ní ọdún 1994, wọ́n fún Shull àti Bertram Brockhouse ti ilẹ̀ Kánádà ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ níútírọ́ọ̀nù. Wollan kò sí níbẹ̀ láti gba tirẹ̀, ó ti kú ní ọdún 1984, wọn kì í sì fi Nobel dá òkú lọ́lá. Ó ku ẹ̀bùn náà ní ọdún mẹ́wàá péré.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, níbo ni wọ́n ti ń rí níútírọ́ọ̀nù? Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Inú ríákítọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kókó yùréníọ̀mù sí wẹ́wẹ́, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Ilẹ̀ Faransé àti Jámánì ló dá ilé-iṣẹ́ ti Grenoble sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ẹ rántí pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ti bá ara wọn jagun ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún 1870 sí 1945. Orúkọ ọmọ Jámánì kan, Max von Laue, àti ti ọmọ Faransé kan, Paul Langevin, ni wọ́n so pọ̀ láti fi sọ ilé-iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1973. Ríákítọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1971, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mẹgawọ́ọ̀tì 58. Wọn kò fi ṣe iná mànàmáná rárá. Níútírọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ń fẹ́, ooru tó bá jáde, wọ́n kàn ń lé e dànù ni.

Àwa náà ní ríákítọ̀ ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, NIRR-1 lorúkọ rẹ̀, ọdún 2004 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2018 ni wọ́n pààrọ̀ yùréníọ̀mù rẹ̀ sí èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù. Wọ́n ń lo níútírọ́ọ̀nù rẹ̀ láti fi mọ àwọn èròjà tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, òkúta àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nǹkan bíi kílówáàtì 30 péré ni agbára rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ti Grenoble sún mọ́ ìlọ́po 2,000 rẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kọjá agbára rẹ̀.

Kódà ti Grenoble pàápàá, pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, níútírọ́ọ̀nù tó ń dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó kò pọ̀ tó. Nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wọn ni ilé-iṣẹ́ X-ray ńlá kan wà tó ń jẹ́ ESRF, òrùka ẹ̀rọ rẹ̀ tó mítà 844 ní àyíká. X-ray tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ ju níútírọ́ọ̀nù aládùúgbò rẹ̀ lọ fíìfíì, kò sì ṣeé fi wéra. Ohun tí wọ́n lè fi X-ray wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lè gba níútírọ́ọ̀nù ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, kódà ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí èyí dá sílẹ̀ ni ìṣòro hóró. Kí wọ́n tó lè wo púrótéènì, wọ́n ní láti jẹ́ kí ó dì, bí iyọ̀ ṣe máa ń di hóró nígbà tí omi òkun bá gbẹ. Nínú hóró bẹ́ẹ̀, àìlóǹkà púrótéènì á tò sórí ìlà bí àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà àárọ̀. Bí níútírọ́ọ̀nù bá wá kọlù wọ́n, á ta kúrò lára wọn, á sì ṣe tó-tò-tó sójú fíìmù. Láti ara àwọn tó-tò-tó yìí ni wọ́n ti ń ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Bí níútírọ́ọ̀nù kò bá pọ̀, hóró náà gbọ́dọ̀ tóbi kí èyí tó ń ta kúrò lára rẹ̀ lè tó kà. Láyé àtijọ́, èyí tó tó mìlímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga ni wọ́n máa ń fẹ́. Ẹ má ṣe fi ìyẹn rẹ́rìn-ín o. Hóró gàrí tó bá gbó dáadáa ló tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ púrótéènì kì í ṣe gàrí. Àwọn kan wà tí onímọ̀ lè fi ọdún púpọ̀ mú dì tí hóró rẹ̀ kò ní tóbi ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ.

Láti ọdún 1969 tí Benno Schoenborn ti kọ́kọ́ fi níútírọ́ọ̀nù wo púrótéènì ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ hóró yìí ti ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Púrótéènì tó wà nínú ẹran ara, èyí tó ń bá iṣan tọ́jú ọ́síjìn, ló wò nígbà náà. Àwọn tó bá ní hóró ńlá lọ́wọ́ ló ń rí iṣẹ́ ṣe, àwọn yòókù ń wo ẹ̀yìn wọn.

Ẹ̀rọ LADI dé láti tú okùn yìí. Orúkọ rẹ̀ fi Laue hàn, nítorí ọ̀nà tí ọkùnrin náà là sílẹ̀ ní ọdún 1912 ló ń tọ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa ń ṣa níútírọ́ọ̀nù oríṣi kan ṣoṣo jáde, wọ́n á sì da ìyókù nù. LADI ní tirẹ̀ ń gba oríṣiríṣi wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó na àwọ̀n fífẹ̀ sínú odò. Ìrísí rẹ̀ dà bí àgbá tí wọ́n dùbúlẹ̀. Hóró púrótéènì á wà ní àárín àgbá náà, fíìmù pàtàkì kan á sì yí i ká. Níútírọ́ọ̀nù á gba ojú kan wọlé, á kan hóró náà, á sì fọ́n káàkiri sára fíìmù. Èròjà gadolíníọ̀mù wà lára fíìmù yìí, òun ló ń mú níútírọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá ti gbà á tó, wọ́n á fi iná lésà kà á, wọ́n á sì pa fíìmù náà rẹ́ láti tún un lò.

Nínú LADI àkọ́kọ́, fíìmù náà wà ní ẹ̀yìn àgbá, ìta náà sì ni ojú tó ń kà á wà. Níútírọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ láti àárín ní láti la ara àgbá kọjá kí ó tó kan fíìmù, ẹ̀yìn fíìmù ló sì máa kọ́kọ́ bá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí ná: níútírọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ríákítọ̀ olówó iyebíye ṣe, tó ti rin gbogbo ọ̀nà wá láìsọnù, tó ti kan púrótéènì, tó sì ti gbé ìròyìn tí wọ́n ń fẹ́ dání, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ló wá ń ṣègbé sí.

Ohun tí wọ́n ṣe nínú LADI-III ni pé wọ́n gbé ojú tó ń kàwé wọ inú àgbá. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí àyè inú ibẹ̀ há, hóró púrótéènì sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti sọ ojú lésà náà di kékeré débi tó fi lè rìn nínú àgbá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán tí wọ́n fi wé ti àtijọ́, níútírọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ náà ń rí mú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Wọn kò fi kún agbára ríákítọ̀. Wọn kò ra yùréníọ̀mù kún èyí tó wà. Níútírọ́ọ̀nù tó ń bọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn ń ṣà. Bí a bá fi ìṣirò lásán wò ó, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nǹkan kejì tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni omi wíwúwo. Háídrójìn oríṣi kan wà tí níútírọ́ọ̀nù kan dì mọ́ pírótọ́ọ̀nù rẹ̀ ní kókó, diutéríọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Omi tí wọ́n bá fi ṣe ni omi wíwúwo. Háídrójìn lásán ní ìwà kan tó ń bí àwọn onímọ̀ nínú: ó máa ń fọ́n níútírọ́ọ̀nù káàkiri láìlétò, tí á sì máa pariwo bí jẹnẹrétọ̀ níbi tí ẹnì kan ti ń gbìyànjú láti gbọ́ rédíò. Diutéríọ̀mù kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Grenoble wá dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin bakitéríà nínú omi wíwúwo. Bakitéríà á mu ún, á jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi diutéríọ̀mù ṣe, púrótéènì tó bá sì ṣe jáde á jẹ́ olódiutéríọ̀mù látòkè délẹ̀. Bí ariwo bá ti dínkù, hóró kékeré á tó.

Àgbájọ nǹkan méjèèjì yìí ló jẹ́ kí wọ́n lè máa wo hóró tó jẹ́ ìdá kan tàbí méjì nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà onígun mẹ́ta-mẹ́ta yẹn. Ẹ fojú inú wò ó pé hóró gàrí ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá ní kí ẹ mú hóró tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti iyọ̀ lọ wá.

Ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán LADI-III wò ni púrótéènì kan láti ara ẹja inú òkun tútù. Nínú omi tó tutù tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja dì, kí ẹja sì kú. Àmọ́ ẹja yìí ní púrótéènì kan lára tó máa ń lẹ̀ mọ́ yìnyín kéékèèké nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dì, tí kò sì ní jẹ́ kí ó dàgbà. Báwo ló ṣe ń dá yìnyín mọ̀ yàtọ̀ sí omi, nígbà tó jẹ́ pé omi náà ni yìnyín? Ọ̀rọ̀ háídrójìn ni, X-ray nìkan kò sì lè dáhùn rẹ̀.

Èyí tó kan àwa èèyàn jù ni ti ọdún 2013, lórí kòkòrò HIV. Kòkòrò yìí máa ń ṣe púrótéènì rẹ̀ ní gbọọrọ, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ìgàn. Kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní àlùmọ́gàjí kan tó máa fi gé e sí ìwọ̀n-ìwọ̀n kí ó tó lè rán an di kòkòrò tuntun. Púrótéènì ni àlùmọ́gàjí náà fúnra rẹ̀. Oríṣi oògùn kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó há sí ẹnu àlùmọ́gàjí yìí kí ó má lè pa dé mọ́. Àwọn oògùn ìran yìí wà lára èyí tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà nígbà tí oògùn àkọ́lò kò bá ran kòkòrò mọ́.

Oògùn há sí ẹnu àlùmọ́gàjí nítorí pé ó dì í mú, háídrójìn sì ni ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ lára wọn fi ń di ara wọn mú. Kí LADI-III tó wò ó, àwọn onímọ̀ máa ń fi X-ray wọn bí átọ́ọ̀mù méjì ṣe jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, wọ́n á ní ọwọ́ wà láàárín wọn, ó sì le. Nígbà tí wọ́n fi níútírọ́ọ̀nù wo àlùmọ́gàjí náà pẹ̀lú oògùn tó ń jẹ́ amprenavir, wọ́n rí àwọn háídrójìn náà fúnra wọn ní ibi tí wọ́n wà. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn kan nínú ọwọ́ tí wọ́n ti ń kà sí alágbára lè jẹ́ aláìlágbára. Ẹni méjì lè dúró ti ara wọn gbágbágbá kí wọ́n má sì di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé HIV máa ń yí ara padà. Bó bá yí ẹnu àlùmọ́gàjí rẹ̀ padà díẹ̀, oògùn tí kò dì í mú dáadáa á bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oògùn tí kò ní tètè bọ́ gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tó le lóòótọ́ àti èyí tó jẹ́ àfẹnusọ. Amprenavir fúnra rẹ̀ ti di oògùn àná, àmọ́ inú ìran rẹ̀ ni darunavir ti jáde, èyí tí wọ́n ń lò títí di òní fún àwọn tí àìsàn wọn ti borí oògùn mìíràn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀rọ kan ní Grenoble ló wo ẹnikẹ́ni sàn, irọ́ ni yóò jẹ́. Ó kàn jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe oògùn ṣíwọ́ fífi ojú díwọ̀n ni.

Àǹfààní mìíràn tún wà tí wọn kì í sọ púpọ̀. X-ray alágbára máa ń ba púrótéènì jẹ́ bó ṣe ń wò ó, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé e sínú òtútù nini. Níútírọ́ọ̀nù kì í bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè wò ó nínú ooru tí kò yàtọ̀ sí ti inú yàrá, bí wọ́n ṣe ṣe ti HIV yẹn.

Ohun tó wá kù báyìí ni pé níútírọ́ọ̀nù ń wọ́n sí i ní Yúróòpù. Láti ọdún 1991 sí 1995 ni wọ́n ti ríákítọ̀ Grenoble pa láti pààrọ̀ ìkòkò ńlá tó wà ní àárín rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ló sì fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 2019 nìkan, ríákítọ̀ ìwádìí mẹ́ta ni wọ́n tì pa: Orphée ní Saclay ní Faransé, BER II ní Berlin, àti JEEP II ní ilẹ̀ Nọ́wè. Àwọn tó ń lò wọ́n kò dáwọ́ ìwádìí dúró, ńṣe ni wọ́n wá ń tò sẹ́yìn àwọn tó wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021, Faransé, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i pé àwọn á máa náwó sí Grenoble títí di ọdún 2033. Nítorí ìlà yìí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ kejì tó ń ṣe irú iṣẹ́ LADI, wọ́n sì pè é ní DALI.

Ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Suwídìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ níútírọ́ọ̀nù tuntun kan ní ọdún 2014, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá owó sí. Kì í ṣe ríákítọ̀. Irin tọ́ńsìtíìnì ni wọn yóò máa fi pírótọ́ọ̀nù lù, tí níútírọ́ọ̀nù á sì máa ta jáde lára rẹ̀. Wọ́n ti ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún púrótéènì, NMX lorúkọ rẹ̀, hóró tó kéré ju èyí tí LADI ń béèrè lọ ni wọ́n sì fẹ́ kí ó lè máa wò.